Wọ́n Ti Yí Òfin Èdè Padà, Ta Ló Kọ́ Olùkọ́?

Kíláàsì kẹrin ni mo wà lọ́jọ́ náà, ní ilé ìwé ìjọba kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí mo ti lọ wo bí olùkọ́ tuntun kan ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ka àwọn ọmọ náà, wọ́n jẹ́ 43. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ló ń lọ lọ́wọ́. Olùkọ́ kọ “Evaporation” gàdàgbà sójú pátákó, ó ní kí wọ́n pè é tẹ̀lé òun. Wọ́n pè é. Ó ka ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì látinú ìwé, wọ́n kà á tẹ̀lé e, ohùn wọn ròkè lálá. Ó bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Yes, Auntie!”

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bi àwọn ọmọ náà pé: “Bí ìyá yín bá fọ aṣọ, tó sá a sórí okùn, tí aṣọ náà wá gbẹ, omi ara rẹ̀ dà?” Kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n ń wojú ara wọn. Yorùbá ni mo fi bi wọ́n, wọn ò sì mọ̀ bóyá àwọn lẹ́tọ̀ọ́ láti fi dáhùn. Nígbà tó yá, ọmọkùnrin kan dìde lẹ́yìn, ó ní: “Oòrùn ló fà á, ma.” Òmíràn ní rárá, atẹ́gùn ló gbé e lọ. Ọmọbìnrin kékeré kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé wá sọ pé: “Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, oòrùn kì í mú púpọ̀, aṣọ sì máa ń yá gbẹ. Nígbà òjò, oòrùn lè yọ, kí aṣọ ṣì tutù.” Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ tí kò tíì lanu sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ fi ń nàwọ́ sókè.

Sáyẹ́ǹsì gidi ni ọmọ yẹn sọ. Bí atẹ́gùn bá gbẹ bíi ti ọyẹ́, ó máa ń gba omi wọra. Bí omi bá ti kún inú rẹ̀ bíi ti ìgbà òjò, kò sáyè fún òmíràn mọ́. Ọmọ náà ti fi ojú ara rẹ̀ rí i nídìí okùn aṣọ ìyá rẹ̀ kí ó tó wọ kíláàsì. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí ní èdè tó fi mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí aago ìsinmi lù, olùkọ́ náà wá bá mi, ojú ń tì í díẹ̀. Ó ní: “Ma, ẹ má bínú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa, òun la fi ń kọ lẹ́sìn nóòtù, ìyẹn ìwé ètò ẹ̀kọ́ wa, òun ni wọ́n fi yẹ̀ wá wò nígbà tí a lọ TP, ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Bí ẹ bá ní kí n fi Yorùbá kọ́ wọn, mi ò mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀.” Mi ò bínú sí i. Òótọ́ ló sọ, òótọ́ yẹn ni mo sì fẹ́ gbé síwájú gbogbo ẹni tó ń tẹ̀lé awuyewuye òfin èdè tó gba ìlú kan.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde ní Àbújá pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ, pé láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí olùkọ́ máa fi kọ́ni. Ìlànà tó fagi lé náà kò tíì dàgbà. Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i, tí Adamu Adamu tó jẹ́ mínísítà nígbà náà sì jáde wá sọ pé èdè abínibí ni wọn yóò máa fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ tó fi wà lórí ìwé. Ìdí tí Alausa sọ ni pé àwọn ibi tí wọ́n ti fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ èdè ti ń fapá jánú, tí àwọn òbí kan sì ń yọ̀. Èmi náà ní ibi tí mo dúró sí, mi ò sì ní fi pamọ́: mo fẹ́ kí ọmọ fi èdè tó gbọ́ kẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo yìí, ẹnì kan wà tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀, ẹni tó di ṣọ́ọ̀kì mú níwájú pátákó. Nígbà tí Adamu kéde tirẹ̀ ní 2022, òun fúnra rẹ̀ sọ pé ìlànà náà kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán àfi tí ìwé ìkọ́ni bá wà, tí olùkọ́ tó kúnjú òṣùwọ̀n sì wà. Nígbà tí wọ́n fi máa fagi lé e, ìwé náà kò tíì dé kíláàsì tí mo mọ̀, ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó yẹ kí olùkọ́ gbà kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Oúnjẹ tí a kò tíì gbé kaná ni wọ́n tọ́ wò, tí wọ́n ní kò dùn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe 2022 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ jáde ní 1977, tí wọ́n ti tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, ló ní kí a fi èdè àdúgbò kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́ láàárín iṣẹ́ yòókù, kí ó tó wá di èdè ìkọ́ni láti kíláàsì kẹrin. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé aládàáni, wọn kò tẹ̀lé e. Ní ilé ìwé ìjọba, àmúlùmálà ni: ìwé wà lédè Gẹ̀ẹ́sì, àlàyé ń já sí Yorùbá nígbà tí nǹkan bá le, ìdánwò tún padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tó ṣètò ìgbà tí olùkọ́ yóò lo èyí àti ìgbà tí yóò lo ìyẹn. Ìlànà wà, àmọ́ ọwọ́ tó fẹ́ mú un ṣe kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú un ṣe. Ìyà yìí kò sì mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. Báǹkì Àgbáyé sọ ní 2021 pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ilé ìwé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kéré tàbí tó wà láàárín, 37 ni wọ́n ń kọ́ ní èdè tí kò yé wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mọ́dákẹ́kẹ́

Àwa tí a wà ní Ifẹ̀ kò yẹ ká máa sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àárín wa níbí ni wọ́n ti ṣe é. Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, Institute of Education ti Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Obafemi Awolowo University (OAU) láti 1987, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé ìwé St. Stephen’s ‘A’ ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ló ṣáájú, Ford Foundation láti Amẹ́ríkà ló fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń wá kọ́ wọn. Àwọn mìíràn tẹ̀lé àṣà tó wà nílẹ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Ní 1973 wọ́n mú iṣẹ́ náà dé àwọn ilé ìwé mìíràn. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn ọmọ náà wò, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ títí dé ìparí ló ta yọ nínú iṣẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù pé yóò mẹ́hẹ, wọn kò rẹ̀yìn sí ẹlẹgbẹ́ wọn.

Ibi tí wọ́n máa ń parí ìtàn náà sí nìyẹn. Iṣẹ́ tó ṣáájú àbájáde yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Kí ọmọ kankan tó jókòó, àwọn ará yunifásítì ti jókòó kọ ìwé ìṣirò, ti sáyẹ́ǹsì àti ti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà ní Yorùbá, kí ẹ fojú inú wo wàhálà wíwá ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè gbá mú. Wọ́n pe olùkọ́ jọ, wọ́n kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń lo ìwé náà, wọ́n sì ń yọjú sí kíláàsì. Adébísí Afọláyan, onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú iṣẹ́ náà, dúró lórí pé bí èdè àkọ́kúntẹni ni kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n má ṣe bí ẹni pé ó bá a nílé. Olùkọ́ ọdún 1970 yẹn kò gbọ́n ju olùkọ́ òde òní lọ. Wọ́n kọ́ ọ ni, wọ́n sì dúró tì í.

Fáfúnwá padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, ó sì kú ní 2010. Iṣẹ́ wíwá ọ̀rọ̀ náà kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn Mọ́dákẹ́kẹ́. Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ lédè Yorùbá, tó jáde ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ti 1990. Mo máa ń bi àwọn olùkọ́ ọ̀dọ́ bóyá wọ́n ti rí wọn rí. Ẹni tó kọ́ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó kọ́ ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì a ní òun kò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà.

Ìdáhùn méjì yẹn fi ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ hàn. NCE ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí ìjọba ní kí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní. Ẹni tó bá mú Yorùbá nínú NCE yóò kọ́ gírámà, yóò ka ewì àti ìtàn àròsọ, yóò mọ oríkì orílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi Yorùbá ṣàlàyé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá mú ìṣirò yóò mọ ìdá náà dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi mọ̀ ọ́n, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì lè fi sọ ọ́. A wá fi àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà, níbi tí ọmọ ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú rédíò nìkan, a ní kí wọ́n lọ kọ́ gbogbo iṣẹ́. Nígbà tí èmi náà ń gba NCE, nínú ọdún mẹ́ta tí mo lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹnì kan kò bi mí léèrè rí pé: lédè wo lo máa fi kọ́ wọn?

Igba, igbá, ìgbà

Mo rí èyí ní kíláàsì kejì kan ní Iléṣà. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni, wọ́n dé orí igba, ìyẹn 200. Olùkọ́ kọ “igba” sójú pátákó, ó dára. Lọ́jọ́ kejì, nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, ó kọ “igba” fún igbá tí a fi ń bu omi. Lọ́jọ́ kẹta, “igba ojo” fún ìgbà òjò. Kò fi àmì sí ọ̀kankan. Ọmọ kan tó ń kàwé sókè kà á pé “igba òjò”, òjò igba, gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, ojú sì ti ọmọ náà. Ẹ̀bi ta ni? Olùkọ́ náà gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ, ọmọ Iléṣà pọ́ńbélé ni, òwe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ èdè yàtọ̀ sí kíkọ ọ́, kíkọ ọ́ sì tún yàtọ̀ sí fífi í kọ́ni. Láti 1974 ni àkọtọ́ tí a ń lò lónìí ti fìdí múlẹ̀, síbẹ̀ mo ṣì ń rí “aiye” àti “ẹiyẹ” nínú nóòtì olùkọ́ tí wọn kò tíì bí nígbà náà, torí pé ẹni tó kọ́ wọn ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní kíláàsì kan náà, ọmọkùnrin kan kọ “ulé” fún ilé, ó kọ “ugbá” fún igbá. Olùkọ́ fa ìlà pupa sí i. Ní òótọ́, ohun tí ọmọ náà gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ló kọ. Ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà, bíi ti Ifẹ̀ àti Èkìtì, máa ń fi fáwẹ́lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Yorùbá àjùmọ̀lò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Etí ọmọ yẹn mú, ó sì mọ lẹ́tà tó yẹ kí ó fi kọ ohun tó gbọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti sọ fún un pé: “O káre. Bí a ṣe ń pè é nílé nìyẹn. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé nìyí.” Ìṣẹ́jú kan kò lè tán nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí wọn kò kọ́ ní ìyàtọ̀ ẹ̀ka èdè kò lè sọ bẹ́ẹ̀, ìlà pupa ló mọ̀. Ọmọ náà a wá gbà pé èdè ìyá òun kò tó èdè ìwé, pé ti ìwé náà kò tó Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ti mọ ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nísàlẹ̀, ó sì ti mọ ibi tí wọ́n fi ìyá rẹ̀ sí.

Tí a bá wá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí Yorùbá kì í ṣe èdè ilé wọn, ọ̀rọ̀ náà tún gba ojú mìíràn. Ifẹ̀ kò jẹ́ ti ọmọ Ifẹ̀ nìkan láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Hausa wà ní Sábó. Àwọn oníṣòwò Igbo wà lọ́jà. Nínú oko kòkó, àwọn Igede láti Benue àti àwọn Ìgbìrà ń ṣe iṣẹ́ oko, wọ́n ń bímọ síbẹ̀. Ní àyíká Iléṣà níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, àwọn awakùsà tó wá láti òkè ọya wà pẹ̀lú ẹbí wọn. Fún ọmọ Igede tó wọ kíláàsì kìíní ní abúlé kan lójú ọ̀nà Oǹdó, Yorùbá tí ìlànà ń pè ní èdè àdúgbò, èdè kejì ni fún òun, Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kẹta. Ọmọdé a máa tètè gbọ́ èdè lórí ìṣeré, ìyẹn kò jẹ́ irọ́. Àmọ́ Yorùbá orí ìṣeré kò tó Yorùbá tí wọ́n fi ń ka ìwé, olùkọ́ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí a rò pé ọmọ náà ya ọ̀lẹ.

Nígbà kan, ní ilé ìwé kan tí àwọn ọmọ Sábó pọ̀ sí, a ń kọ́ oǹkà. Mo kọ 15 sójú pátákó, mo ní kí olúkúlùkù sọ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Àwọn ọmọ Yorùbá ní ẹẹ́dógún. Ọmọ Hausa kan ní goma sha biyar. Ọmọ Igbo kan ní iri na ise. Mo bi wọ́n: kí ni goma? Ó ní mẹ́wàá ni. Kí ni biyar? Márùn-ún. Iri ńkọ́? Mẹ́wàá. Ise? Márùn-ún. Mo wá bi àwọn ọmọ Yorùbá: nínú ẹẹ́dógún, mẹ́wàá dà? Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Ọmọ kan ló já a pé ogún ló wà nínú rẹ̀, pé márùn-ún ló dín. A kọ 45. Yorùbá: márùndínláàádọ́ta, àádọ́ta tó dín márùn-ún. Hausa: arba’in da biyar, ogójì àti márùn-ún. Igbo: iri anọ na ise, mẹ́wàá lọ́nà mẹ́rin àti márùn-ún. Nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ ti rí i pé èèyàn lè dé ibì kan náà nípa àròpọ̀, nípa àyọkúrò, nípa ìsọdipúpọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin Hausa kan sáré wá bá mi kí aago tó lù: “Àǹtí, ìyá mi àgbà ní Hausa náà ń yọ kúrò! Fún 18, ó ní ashirin biyu babu, ogún, méjì kò sí.” Ó gbé e wá bí ẹni gbé ẹ̀bùn wá. Eéjìdínlógún! Àwọn ọmọ Yorùbá hó yèè.

Mi ò gbọ́ Hausa, Igbo mi kò kọjá ìkíni. Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn kò gba kí n gbọ́ ọ. Ó gba kí n mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè, kí n sì gbà pé ọmọ ní nǹkan tí èmi kò ní. Ọgbọ́n iṣẹ́ ni, wọ́n sì lè kọ́ ọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa ní bí a ṣe ń kọ nǹkan sójú pátákó. Ọdún márùn-ún ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó já a fúnra mi, àwọn ọmọ tó gba ọwọ́ mi kọjá nínú ọdún márùn-ún yẹn kò rí i gbà.

Ó sì ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kọjá oǹkà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa ní Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ìsọ̀ jóná. Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, àwọn ọmọ tó máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà wọlé, wọ́n dúró, wọn ò mọ ibi tí àwọn máa jókòó sí. Wọ́n ń wo ojú olùkọ́. Kò sí ohun tí wọ́n kọ́ olùkọ́ náà fún irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì tí à ń lé

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, torí òun ni mínísítà ní òun ń gbà là. Ọmọ kan kọ ọ́ pé “My sister is sick, he is in the house.” Olùkọ́ nà án, ó ní olódo ni. Ọmọ náà kì í ṣe olódo. Nínú Yorùbá, “ó” ni ọkùnrin, “ó” ni obìnrin, “ó” ni ewúrẹ́. Èdè rẹ̀ kò bi í léèrè akọ tàbí abo rí, Gẹ̀ẹ́sì sì ń bi í ní gbogbo gbólóhùn. Olùkọ́ tó mọ èyí á fi ọjọ́ méjì péré mú un dá ọmọ lójú. Olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n á nà án fún ọdún mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni “v” tó ń di “f” lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ ni “z” tó ń di “s”: Yorùbá kò ní wọn. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ Yorùbá ní Gẹ̀ẹ́sì dáadáa gbọ́dọ̀ mọ Yorùbá dáadáa. Bí wọ́n bá ní kí olùkọ́ máa fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ni, tí wọn kò sì kọ́ ọ ní èyí, Gẹ̀ẹ́sì náà kò ní wọlé.

Mi ò lòdì sí òbí tó fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá kan tó ń ta ẹja sọ fún mi lọ́dún kan pé: “Tíṣà, Yorùbá wà nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sanwó fún.” Ó mọ ohun tó ń sọ. Ó ti rí báǹkì, ó ti rí ilé ìwòsàn, ó ti rí ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Èmi náà jìyà ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pákó kan wà tí wọ́n máa ń so mọ́ ọrùn ẹni tó bá sọ “vernacular”, a ó gbé e kiri títí tí a ó fi rí ẹlòmíràn tó ṣèèṣì sọ Yorùbá, kí a lè gbé e fún un. Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni mo kọ́ lọ́jọ́ tí pákó náà wà lọ́rùn mi. Ṣíṣọ́ ẹnu ẹlẹgbẹ́ mi ni mo kọ́, àti dídákẹ́. Mo sọ fún ìyá náà pé ọmọ tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé ní Yorùbá kò tún ní kọ́ ìwé kíkà lẹ́ẹ̀kejì tó bá dé ìdí Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tuntun nìkan ló kù fún un láti kọ́. Ó ní kí n fi hàn òun. Ìdáhùn tó tọ́ nìyẹn, olùkọ́ tó mọṣẹ́ nìkan ló sì lè fi hàn án.

Àwọn ẹlòmíràn ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Ní California ní Amẹ́ríkà, wọ́n dìbò ní 1998, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀kọ́ elédè méjì rẹ́ ní ilé ìwé ìjọba. Ní 2016 wọ́n tún dìbò, wọ́n ní kí ó padà wá. Ó padà, ṣùgbọ́n olùkọ́ elédè méjì ti di ọ̀wọ́n, nítorí fún ọdún 18 yẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn ti fà sẹ́yìn. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi yí òfin, tí wọ́n bá sì ti jẹ́ kí ìdí tí a ti ń kọ́ olùkọ́ gbẹ, ẹ̀rù ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń bà mí, láìka ẹni tó máa jẹ́ mínísítà lọ́la.

Ìdí nìyí tí mo fi ń wo àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ wa. Institute of Education tó ṣe iṣẹ́ 1970 ṣì wà ní OAU. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tó wà ní Iléṣà ti di Yunifásítì Iléṣà láti 2022. Níbi méjèèjì, àwọn tó mọ Yorùbá wà, àwọn tó mọ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà, ọgbà kan náà ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ wọn sí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò gba kọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́ ẹ̀ka Yorùbá lórí àkọtọ́ àti èdè-ìperí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ìdá àti ìwọ̀n. Kí wọ́n rán wọn lọ TP sí Sábó àti sí oko, kì í ṣe sí àwọn ilé ìwé tó wà lẹ́bàá títì nìkan. Òfin tuntun kò sọ pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ mọ ohun tí ọmọ ń rò. Yorùbá sì ṣì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́, tí wákàtí rẹ̀ wà lórí àtẹ àkókò ẹ̀kọ́.

Èyí tí ọwọ́ mi ká ni mò ń ṣe báyìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ TP bá wá sọ́dọ̀ wa, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ lẹ́sìn nóòtù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ṣe fẹ́ ẹ. Mi ò ní kí ó yí i. Mo máa ń ní kí ó fa ìlà kan sí etí ìwé náà, kí ó kọ ìbéèrè kan ṣoṣo síbẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn, ìbéèrè tí ọmọ lè dáhùn láìṣí ìwé. Àwọn kan máa ń fi alẹ́ kan gbáko wá a. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá wà lórí tábìlì mi níbi tí mo ti ń kọ èyí. Ẹ̀kọ́ lórí ohun tó ń yòrò nínú omi ni. Ní etí ìwé, pẹ̀lú bírò pupa, ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ ọ́ pé: “Bí iyọ̀ bá yòrò nínú ọbẹ̀, tí a kò rí i mọ́, báwo la ṣe mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀?” Ó ti pa àmì orí “ọbẹ̀” rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.